Àtẹ̀jíṣẹ́ àti Oògùn Ásímà: Àyẹ̀wò Èdè Ìránnilétí

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa oògùn. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, n kò sì ní í ṣe bí ẹni pé mo jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí àwọn oníṣègùn ti ń gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ kúkúrú orí tẹlifóònù alágbèéká ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ kí wọ́n lè máa lo oògùn wọn déédéé. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ni a ń pè ní àtẹ̀jíṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà, mo rò pé àwa tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wa ní ẹ̀tọ́ láti yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Ta ni ń sọ ọ́? Ta ni ó ń sọ ọ́ fún? Kí ni ó ń ṣe nínú ọkàn ẹni tí ó kà á? Àìsàn tí mo mú fún àpẹẹrẹ ni ásímà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nínú ásímà, inú àwọn ọ̀nà tí èémí ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró a máa wú, kì í sì í fara da ohun tí ọ̀nà èémí ẹlòmíràn ń fara dà. Bí eruku, èéfín, òtútù tàbí òórùn kan bá kàn án, àwọn iṣan tí ó yí ọ̀nà náà ká a fún un pọ̀, kẹ́lẹ̀bẹ̀ a dí ibi tí ó kù, èémí a sì máa dún bí ẹni pé a ń fọn fèrè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019 àwọn ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 262 ni ó ní àìsàn yìí, àti pé 455,000 ni ó bá a lọ ní ọdún kan náà. Púpọ̀ nínú ikú wọ̀nyí ni ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn tí ó lè dènà rẹ̀ ti wà láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn ènìyàn wa a máa pe àìsàn yìí ní ikọ́ fée. Orúkọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wá lóore. Lọ́nà kìíní, ó ń mú wa rò pé ikọ́ ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn wà tí kì í wúkọ́ púpọ̀, tí ó jẹ́ pé àyà rẹ̀ ni yóò máa fún un pinpin. Lọ́nà kejì, orúkọ yìí kan náà ni àwọn mìíràn fi ń pe ikọ́ burúkú tí kòkòrò ń fà, èyí tí ń ràn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì. Ásímà kì í ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá pè ní oníkọ́ fée láwùjọ mọ ojú tí wọn yóò fi wo òun, nítorí náà ẹlòmíràn a máa fi í pamọ́. Ìdí nìyí tí mo fi yan ásímà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò. A ó tún padà sí ọ̀rọ̀ ìfipamọ́ yìí.

Oríṣi oògùn méjì ni ó ṣe pàtàkì, inú ínhélà ni a sì ti ń fa àwọn méjèèjì. Èkíní ni ti ìtura, èyí tí ó sábà máa ń wà nínú ínhélà aláwọ̀ búlúù. Ó máa ń tú iṣan tí ó fún ọ̀nà èémí pọ̀, ìtura a sì dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà agbára rẹ̀ a tán. Kò kan wíwú tí ó wà lábẹ́. Èkejì ni ti ìdènà. Òun ni ó ń mú kí wíwú náà lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ púpọ̀, àní ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìdákẹ́jẹ́, aláìsàn kì í sì í mọ̀ ọ́n lára ní ọjọ́ tí ó fà á. Láti ọdún 2019 ni àwọn àgbà oníṣègùn tí ń kọ ìlànà ìtọ́jú ásímà fún gbogbo ayé ti sọ pé kò yẹ kí àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́langba máa fi oògùn ìtura nìkan wo àìsàn yìí mọ́.

Ẹ kíyè sí irú ìṣòro tí èyí dá sílẹ̀. Oògùn tí ó ń gba ẹ̀mí là níwájú ẹni kọ́ ni ó ń gba ẹ̀mí là ní tòótọ́. Èyí tí a kò rí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà tí ó ní ásímà láti kékeré. Kò sí ibi tí ó ń lọ tí búlúù kì í sí lápò rẹ̀, ṣùgbọ́n inú páálí ni èkejì máa ń wà. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó dá mi lóhùn pé, “Bàbá, ara mi kúkú le. Kí ni kí n tún máa fa oògùn sí?” Èsì rẹ̀ kì í ṣe ti aláìgbọ́n, nítorí pé ilé-ìwé gíga ni ó ti jáde. Kì í sì í ṣe òun nìkan ni ó ń rò bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 láàárín àwọn àgbàlagbà tí ásímà gbé dé ilé-ìwòsàn ní ìlú New York, ó lé ní ìdajì wọn tí ó gbà pé ìgbà tí àyà bá ń fún àwọn nìkan ni àwọn ní ásímà. Bí àyà kò bá fún, àìsàn ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ohun méjì tí ó yàtọ̀ síra wọn ni ó lè mú kí ènìyàn má fa oògùn rẹ̀. Ó lè gbàgbé. Ó sì lè rántí dáadáa kí ó má rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun fà á. Ẹni tí ó gbàgbé, ìránnilétí ni ó fẹ́. Ẹni tí kò gbà, ìyíniléròpadà ni ó fẹ́. Àwa onílítíréṣọ̀ mọ̀ pé oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí, bí agogo ilé-ìwé ti yàtọ̀ sí ìwàásù.

Ní orílẹ̀-èdè Denmark, agogo ni wọ́n lù. Strandbygaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2010. Aláìsàn 26 péré ni wọ́n lò, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn kan ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n lo oògùn wọn, àwọn yòókù kò gba nǹkan kan. Lílo oògùn àwọn tí wọ́n ń rán létí gòkè díẹ̀, láti ìdá 77.9 nínú ọgọ́rùn-ún sí 81.5, ti àwọn yòókù já wálẹ̀ láti 84.2 sí 70.1. Ohun tí mo rí nínú ìṣirò yìí ni pé kì í ṣe gíga ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà gbé wọn ga, bí kò ṣe pé kò jẹ́ kí wọ́n jábọ́. Agogo kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìwádìí kékeré ni, ọ̀sẹ̀ 12 kò sì tó láti fi mọ̀ bóyá èémí wọn dára sí i ní tòótọ́.

Ní New Zealand, ìwàásù ni. Keith Petrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland kó àwọn aláìsàn 147 jọ, láti ẹni ọdún 16 dé ẹni ọdún 45, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́, wọ́n kọ́kọ́ bi olúkúlùkù léèrè ohun tí ó rò nípa àìsàn rẹ̀: ṣé ìgbà gbogbo ni ó wà pẹ̀lú rẹ̀ àbí ìgbà díẹ̀, ṣé oògùn lè kápá rẹ̀, ṣé ẹ̀rù oògùn náà ń bà á? Èsì ìbéèrè yìí ni wọ́n fi yan ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ 18. Ẹni tí ó rò pé ásímà a máa lọ a máa bọ̀ gba ọ̀rọ̀ tí ó bá èrò yẹn jà. Ẹni tí oògùn ń dẹ́rù bà gba ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì tún tẹ̀ lé wọn fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti dópin, àwọn tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ sọ pé àwọn lo ìdá 57.8 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn wọn, àwọn yòókù sọ pé àwọn lo 43.2. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláìsàn fúnra wọn ni wọ́n gbà gbọ́, ènìyàn a sì máa fẹ́ wí ohun tí yóò dùn mọ́ dókítà nínú. Síbẹ̀, ìwádìí yìí wú mi lórí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é gbà pé olùgbọ́ ní èrò tirẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ̀. Apàlọ́ tí kò wo ojú àwọn ọmọ tí ó jókòó yí i ká kò lè pàlọ́ tí yóò dùn.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ilé díẹ̀. Iṣẹ́ tí ó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Áfíríkà kì í ṣe lórí ásímà, lórí àìsàn éèdì ni. Ní Kẹ́ńyà, Lester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo aláìsàn 538, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2010. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, nọ́ọ̀sì a fi ọ̀rọ̀ Swahili kan ṣoṣo ránṣẹ́: “Mambo?” Ìkíni ni, bí ẹni pé a wí pé, “Báwo ni nǹkan?” Aláìsàn níláti fèsì láàárín ọjọ́ méjì: “Sawa” bí ó bá dára, “Shida” bí wàhálà bá wà. Ẹni tí ó bá wí pé wàhálà wà, tàbí tí kò fèsì rárá, nọ́ọ̀sì á pè é lórí tẹlifóònù. Nínú àwọn tí wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé àwọn lo oògùn dáadáa. Nínú àwọn tí wọn kò kí, ìdá 50 ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò pẹ̀lú, àwọn tí kòkòrò náà ti rọlẹ̀ lára wọn sì pọ̀ sí i láàárín àwọn tí wọ́n kí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Nínú “Mambo?” kò sí oògùn, kò sí àìsàn, kò sí àṣẹ. Bí ọkọ, ìyàwó tàbí ọ̀gá bá gbé tẹlifóònù náà, kò ní í rí ju ìkíni lọ. Àwọn baba wa mọ irú èyí. Àrokò ni wọ́n ń pè é. Bí ènìyàn bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́, ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ kò rí ju owó lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí a rán an sí mọ̀ pé ẹfà ni, ó sì túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí òun. Ọ̀rọ̀ kékeré, àdéhùn ńlá. Ohun tí ó ń gbé àrokò dúró ni pé àwọn méjèèjì ti jọ mọ ara wọn tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni ti Kẹ́ńyà: aláìsàn mọ̀ pé lẹ́yìn ìkíni náà ẹnì kan wà tí yóò pe òun bí òun bá dákẹ́.

Ní ìlú Yaoundé ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, Mbuagbaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìyànjú ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn éèdì ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Igba ènìyàn ni ó wà nínú ìwádìí náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín àwọn tí ó gbà á àti àwọn tí kò gbà á. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ìṣirò yóò sọ pé iye ènìyàn kéré, pé ìlú yàtọ̀ sí ìlú. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ tí kò béèrè èsì kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wérọ̀, etí a sì máa di sí i láìpẹ́. Ìwádìí mìíràn ní Kẹ́ńyà, ti Pop-Eleches àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2011, fi ẹ̀gbẹ́ kan èrò mi lẹ́yìn: àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ṣe iṣẹ́, ti ojoojúmọ́ kò ṣe é. Wọ́n tún rí i pé fífi ọ̀rọ̀ ìyànjú gùn ún kò mú un sàn ju kúkúrú lọ. Kí àwa tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn gbọ́ o.

Nísinsìnyí, bí a bá fẹ́ ṣe irú nǹkan báyìí fún àwọn onísímà tí ń sọ Yorùbá, kí ni èdè wa yóò bá wa fà?

Ìṣòro kìíní ni ti lẹ́tà. Ní ọdún 1985 ni Friedhelm Hillebrand, ará Jámánì kan, jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, tí ó ń tẹ gbólóhùn lóríṣiríṣi tí ó sì ń ka iye àmì inú wọn, títí ó fi gbà pé 160 tó fún ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fẹ́ sọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́, èyí tí Neil Papworth fi ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1992, ìkíni ọdún Kérésìmesì ni. Àwọn tí ó to àwọn lẹ́tà ẹ̀rọ náà jọ rántí àwọn èdè Yúróòpù: à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí rárá. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn tí kò sí yìí bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ̀rọ yóò pa ìlànà dà, àyè 160 yóò sì di 70. Èyí tí ó tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín ni pé ọ tí ó gba àmì ohùn lórí, àyè méjì ni ó ń gbà. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má gbàgbé oògùn yín.” Mo kà á, àyè 35 ni ó gbà, ìdajì gbogbo ohun tí a ní. Bí ó bá kọjá 70, méjì ni wọn yóò kà á sí, owó méjì ni wọn yóò sì gbà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá kọ Yorùbá bí ó ti tọ́ ń san ju ẹni tí ó kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Àwọn kan yóò ní kí a yọ àmì kúrò. Ó dára, “E lo oogun yin.” Ṣé ẹ lo oògùn ni, àbí ẹ lọ oògùn, bí ẹni ń lọ ata? Ṣé oògùn tilẹ̀ ni, àbí òógùn tí ń ṣẹ́ jáde lára? N kò ní í ṣe àsọdùn: ẹni tí ínhélà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní í wá ọlọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó dá lé ìlera, tí ó níláti sọ iye ìgbà àti iye fífà, kò yẹ kí ó jẹ́ pé oríire ni ènìyàn fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a sì fi ránṣẹ́ yóò yanjú èyí, yóò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀wé; ṣùgbọ́n tẹlifóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ń lò kò lè gba irú rẹ̀ bí ó ti ń gba àtẹ̀jíṣẹ́.

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ ju ti lẹ́tà lọ. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ kan náà pàṣẹ fún ọmọ ọdún 15 àti bàbá ọdún 70. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó lè wí pé “má gbàgbé” tàbí “ẹ má gbàgbé,” ó níláti mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá fi “ẹ” bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí yóò bínú, àwọn ọmọdé á kàn rò pé dókítà ń yẹ́ àwọn sí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn tún wà: ta ni “èmi” tí ó rán iṣẹ́ náà? Nínú àṣà wa, ìránṣẹ́ kì í dédé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Yóò sọ ẹni tí ó rán an kí ó tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó wá láti ọ̀dọ̀ nọ́ńbà kúkúrú kan tí a kò mọ̀, àárín ìpolówó tẹ́tẹ́ àti ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni yóò bọ́ sí, wọn yóò sì pa á rẹ́ pẹ̀lú wọn. Orúkọ nọ́ọ̀sì tí aláìsàn mọ̀ lójú ṣe pàtàkì ju ẹwà gbólóhùn lọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó, n kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé àwọn yóò dá iṣẹ́ tiwọn dúró ní Nàìjíríà. Àwọn ínhélà rẹ̀ wà lára èyí tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ jù, owó ínhélà sì gòkè fíofío lẹ́yìn èyí. Bí a bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán ẹni tí kò lówó oògùn létí oògùn, kí ni a ṣe fún un? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ti gbà báyìí pé ó yẹ kí òun máa fa ti ìdènà. Iye tí wọ́n ń tà á ni ó ń mú kí ó máa fò ó ní ọjọ́ mìíràn. Èyí ni ó mú kí n gbà pé àtẹ̀jíṣẹ́ tí ń béèrè ìbéèrè sàn ju èyí tí ń pàṣẹ lọ. Àṣẹ kò ní etí. Ìbéèrè nìkan ni ó lè jẹ́ kí ilé-ìwòsàn gbọ́ pé owó ni kò sí.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti béèrè? Bí a bá fi “Ṣé àlàáfíà ni?” ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti Kẹ́ńyà, gbogbo wa mọ èsì tí yóò wá: “A dúpẹ́.” Yorùbá tí àyà rẹ̀ ń fún, tí kò sùn mọ́jú, “a dúpẹ́” ni yóò kọ́kọ́ wí. Kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa. Ọpẹ́ ni ẹnu ọ̀nà tí à ń gbà wọ inú ọ̀rọ̀ àìsàn. Ẹni tí ó bá jókòó tì wá títí ni yóò gbọ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í jókòó tini. Nítorí náà a níláti fún aláìsàn ní èsì tí yóò lè fi sọ pé nǹkan kò dára láìjẹ́ pé ó dà bí aláìmoore. Mo ti rò ó títí. “Wàhálà wà” ti le jù, “ara mi kò yá” dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣépè. Èyí tí mo rí tí ó sún mọ́ ọn jù ni “ó kù díẹ̀ káàtó.” Àgbà lè sọ ọ́, ọmọdé lè sọ ọ́; kò kọ ọpẹ́, síbẹ̀ nọ́ọ̀sì tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé ó yẹ kí òun pe ẹni náà. Kìkì pé bí wọ́n bá yọ àmì rẹ̀ kúrò nítorí àyè, “o ku die” ni yóò hàn lójú tẹlifóònù, n kò sì fẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan kà á sí pé ó kú díẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń kọ́ èdè àti àwọn tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà jọ jókòó lé lórí.